Òjò Inú Ọyẹ́

Ọyẹ́ mú débi pé ètè Nùréènì là, síbẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Agége wá sí Ìkejà pé òrùlé tó kàn ń jò. Ẹ̀rù ti ń bà á kó tó dé ilé alágbàfọ̀ tí òrùlé náà wà. Sọ́jà ni àbúrò Màdáàmú Fọláyọ̀, obìnrin tó ni ibẹ̀. Láyé ọ̀wọ́n Sáàpù àti ìjọba ológun yìí, bí wọ́n bá ti pe irú Nùréènì lólè, inú bárékè ló ti máa ṣàlàyé.

Màdáàmú kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni. "Bàbá onípáànù, ẹ gbójú sókè."

Àbàwọ́n ti gba gbogbo sílìn nítòsí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ. Omi ń kán tó, tó, tó, sórí aṣọ funfun tí òtẹ́ẹ̀lì kó wá.

"Shuaib ní páànù àlòkù lẹ kàn mọ́ mi lórí."

Nùréènì yíjú sí Shuaib tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́. Shuaib ló mú un wá gba iṣẹ́ òrùlé yìí, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tú páànù tuntun sílẹ̀.

"Shuaib, èmi? Àlòkù?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ." Shuaib ń nu ara ẹ̀rọ, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í yá, ojú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Nùréènì gun òrùlé. Páànù gbẹ táútáú, eruku ọyẹ́ bò ó. Àmọ́ páìpù tó ń gbé ooru ẹ̀rọ jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ lu ihò fún, kò sí níbẹ̀ mọ́. Agolo òróró tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dí ojú ihò náà.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ibi tó ń kán. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òjò wo ló ń gbóná? Ó yọ pákó sílìn kan, ó yọjú sínú àjà, ooru sì gbá a lójú bí ẹni ṣí ìkòkò. Wọ́n ti gé páìpù kúrú, inú àjà ló ń mí sí.

"Màdáàmú... ẹ má bínú. Kì í ṣe òjò. Ooru aṣọ tútù ni. Kò rọ́nà jáde. Ó... ó ń lẹ̀ mọ́ páànù tútù, ó wá ń di omi. Wọ́n ti dí ojú páìpù."

"Ta ló dí i?"

"Òun ló kan òrùlé," Shuaib yára dáhùn. "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Màdáàmú na ọwọ́ sí tẹlifóònù.

Ìgbà yẹn ni Fàúsát, ìyàwó Shuaib, tó ń sá láfún lẹ́yìn ilé náà, sáré wọlé bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kazeem! Wọ́n ní ẹnì kan wà lórí páànù. Ṣé wọ́n fẹ́ ṣí ihò yẹn ni? Ẹ gbà mí o! Òwú aṣọ tó ń ti ojú páìpù yẹn fò jáde á tún máa bà lé láfún mi. Funfun nínú funfun, ẹnu ni oníbàárà ti ń rí i! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ bá mi dí i?"

Màdáàmú gbé tẹlifóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kọjú sí Shuaib.

Shuaib dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Nùréènì, bá mi bẹ̀ wọ́n. A jọ dàgbà ni."

"O mọ ohun tí sọ́jà ń ṣe fún ẹni bíi tèmi," Nùréènì sọ. "O mọ̀ ọ́n."

"Mo rò pé wọ́n kàn máa ní kí o wá tún un ṣe ni."

Nùréènì ní òun ń lọ ṣí ihò náà. Bó ṣe gbé àkàbà ti ògiri níta, Shuaib sáré wá di àkàbà náà mú.

"Fi sílẹ̀," Nùréènì sọ.

"Ilẹ̀ ibí dà gẹ̀rẹ̀, àkàbà á yọ̀."

"Mo ní kí o fi sílẹ̀."

Shuaib fi í sílẹ̀. Àkàbà ń mì lábẹ́ Nùréènì bó ṣe ń gòkè.