Ẹyẹlé Ojú Fèrèsé Màmá

Ìyá ìyàwó mi ti di ẹrù rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi ni ó ti ń múra àtilọ.

"Ọmọ mi ló mú mi wá sílé yìí," ni ó wí fún mi. "Ọmọ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Tó bá di Sátidé, àbúrò rẹ̀ á wá mú mi lọ."

Òwe tó ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí, dé ètè mi. Mo gbé e mì. Ta ni yóò pa irú òwe bẹ́ẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀? Ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù tó ń pe ìyàwó mi ní Adúmáadán nínú ilé yìí. Bí èmi bá pè é, ohùn mi máa ń já kí n tó parí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó lọ.

Ẹyẹlé ló fi òwe náà sí mi lọ́kàn. Méjì kọ́ ìtẹ́ sórí ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́yìn fèrèsé yàrá Màmá. Ó ń gbọ́ ohùn wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gbé e débẹ̀, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ti fọ́.

"Kí ni wọ́n tilẹ̀ jọ?" ni ó bi mí.

Mo gbé kámẹ́rà.

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni iṣẹ́ mi: aṣọ funfun lẹ́yìn, etí méjèèjì síta, ojú méjèèjì sí kámẹ́rà. Mo fi kọ́tìnì bo ara mi, mo rọra ṣí fèrèsé. Ẹyẹlé náà kò fò. Ó ràbàbà lé ìtẹ́, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo dúró títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó kọjú sí mi tán, mo yà á.

Màmá gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú.

"Onífọ́tò, kí lo fi ẹyẹ yìí ṣe?"

"Màmá, mi ò fi í ṣe nǹkan kan o."

"Ẹyẹlé rèé àbí agbowó-orí?"

"Mo fẹ́ kí ojú méjèèjì hàn ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé bó ṣe ń wo èèyàn nìyẹn? Ẹ̀gbẹ́ ni ojú rẹ̀ wà! Tó bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹ, ìgbà yẹn gan-an ló ń wò ẹ́. Ṣé Adúmáadán kì í wò ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tínú bá ń bí i?"

"Ó ń wò mí, Màmá. Mo jẹ nínú ìwò yẹn dáadáa."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mi ò bẹ ẹyẹ náà pé kó kọjú sí mi. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń wò mí, ó pọ́n bí ẹyin iná. Ọrùn rẹ̀ ń dán, ewé tútù lápá kan, àlùkò lápá kejì. Bí ó ti gbé àyà sókè díẹ̀, mo yà á.

Màmá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kí ojú òsì rẹ̀ lè ríran. "Hẹ̀ẹ́! Ó mà rí mi!" Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ àyà ẹyẹ náà. "Kí ni ti ibí?"

"Ọmọ ni. Méjì. Wọn ò tíì lajú."

"Wọ́n mà burẹ́wà o!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ kú ewu o, ìyá ìbejì."

Ní Sátidé, àbúrò ìyàwó mi dé. Ó gbé àpò Màmá.

"Màmá, ó yá."

"Gbé e kalẹ̀. Ta ló ń fi ọmọ tí kò tíì lajú sílẹ̀ lọ?"

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ta?"

Mo na fọ́tò sí i. Ó wò ó, ó mi orí. "Nígbà wo wá ni kí n padà wá?"

"Ìgbà tí wọ́n bá tó fò."

"Màmá, ẹyẹlé kì í sinmi ọmọ bíbí. Kí àwọn yìí tó fò, ìyá wọn á ti yé ẹyin mìíràn."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí, ó sì ń tú gèlè rẹ̀.