Ẹ Sọ Ọ́ Bó Ṣe Jẹ́

"'Olè náà rí ọlọ́pàá, ó sì na pápá bora.'" Dókítà ọ̀rọ̀, ẹni tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn bá ọ̀rọ̀ wọn jẹ́, gbé ojú kúrò lára páálí pélébé tó ń kà. "Ìyá, kí ni olè náà ṣe?"

Aránṣọ ronú sí i. Ó mọ pápá, ó sì mọ ohun tí èèyàn fi ń bora. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wọn aṣọ mọ́ àwọn èèyàn lára, kò tíì rí ẹni tó gbé koríko wá pé kí ó bá òun rán an.

"Pápá kì í ṣe aṣọ," ó dáhùn. "Kò ṣeé bora."

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó tì í sọ ojú sílẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Páálí tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta péré ló gbà.

"Kì í ṣe pé ọgbọ́n yín dín kù, ìyá," ni dókítà ọ̀rọ̀ wí. "Kò sí ohun tó ṣe apá òsì ọpọlọ yín, àwọn ọ̀rọ̀ yín pé síbẹ̀. Apá ọ̀tún ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́, òun ló sì máa ń bá wa wá ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò fẹnu sọ. Ó lè padà díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ máa ń wá ọ̀nà míì gbà nígbà míì."

"Ṣé mo lè gé aṣọ?"

"Ọwọ́ ọ̀tún yín le dáadáa. Ẹ lè gé e."

"Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé."

Dókítà náà kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ apá aṣọ ló fa gbogbo èyí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ìyàwó tíṣà kan wá wọ ẹ̀wù rẹ̀ wò, tí apá ẹ̀wù náà sì fún un pinpin. "Apá yìí ń pa mí o, ẹ bá mi gé e sọnù," ló wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aránṣọ gé apá méjèèjì, ó dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí obìnrin náà padà wá rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ariwo tó pa ò kéré. Kí wọ́n tú u díẹ̀ ló ní lọ́kàn; kò kúkú fẹnu sọ ọ́, àmọ́ ta ló ń sọ̀rọ̀ tààrà bẹ́ẹ̀? Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti dé etí ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ìyẹn sì ti ní bí àyẹ̀wò bá fi lè fi hàn pé ọpọlọ rẹ̀ ò pé, kí ó fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn kọ́ fún Aránṣọ, tó fi orúkọ rẹ̀ sí.

Nígbà tí Aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n náà ti wà níbẹ̀. Orí àga Aránṣọ gan-an, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ló jókòó sí. Ìwé kan wà lórí tábìlì ìgéṣọ, bírò sì wà lórí ìwé. Ó gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó wo ibi tí wọ́n kọ mẹ́ta sí, kò sì ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Àbúrò mi, o ti ṣe bẹbẹ," ó bẹ̀rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. "Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ ká bá ọ sọ ẹrù yìí kalẹ̀."

"Ẹrù wo?"

"Mo ní kí ìwọ náà fẹ̀yìn tì, kí a máa ṣojú fún ọ níbí."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ sí etí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé—"

"Má bá mi túmọ̀ ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n náà wúkọ́. "Gbogbo ìdílé ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí a fún ọ láàyè kí o lè mí."

"Mò ń mí."

Inú ti ń bí Aránṣọ. Kí àìsàn tó dé, gbogbo èyí ì bá ti yé e kí ọkùnrin náà tó fẹnu sọ ọ́, ì bá sì ti buwọ́ lùwé nítorí ìtìjú. Bó ṣe buwọ́ lùwé fi ìpín tirẹ̀ nínú ilé bàbá wọn sílẹ̀ fún un nìyẹn, tó tún dúpẹ́ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́."

Ọkùnrin náà wo ògiri, ó wo ìlẹ̀kùn. "A fẹ́ kí o fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀."

"Fún ta ni?"

"Fún àwọn ará ilé."

"Ará ilé pọ̀. Ta ni?"

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ìyàwó mi."

Ọmọbìnrin náà gbé orí sókè. "Bàbá, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ ń bá mi tọ́jú ṣọ́ọ̀bù yìí ni."

Aránṣọ fi ìgbúnwọ́ òsì tí kò lágbára tẹ ìwé náà mọ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú àlùmọ́gàjí, ó sì gé ìwé náà sí méjì, tààrà, láìfi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i.

"Mi ò fi í sílẹ̀," ó ní. "Kò sì sí ìtumọ̀ míì lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n náà dìde. Ó ní òun ní àlejò nílé, ó sì jáde. Kò gba títì níbi táwọn aládùúgbò jókòó sí. Inú pápá ilé-ìwé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ló gbà, níbi tí wọn ò ti gé koríko láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi. Ó ń yára, ó tún fi kún un. Koríko mu ún dé orúnkún, ó mu ún dé ìbàdí. Nígbà tó yá, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà, koríko bo òun náà.

Aránṣọ fara ti férémù ìlẹ̀kùn. Ó wo pápá náà, ó wò ó títí. Ẹ̀rín kan ń bọ̀ nínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ó wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì fa ẹ̀wù aláìlápá ìyàwó tíṣà mọ́ra.

"Bá mi pe dókítà ọ̀rọ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un pé olè náà sá lọ. Ó ti di mẹ́rin."