Ogójì Ẹ̀wù Alápá Òsì

Ní ọdún 1977, ìjọba kó aránṣọ méje ní Ṣábẹ̀ sínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n pè é ní kópérátíìfù, wọ́n sì fi Clémentine ṣe olórí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Bàbá Ìlọ̀rí tó dàgbà jù nínú wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ńlá fi dé: igba ẹ̀wù káákí fún àwọn ọmọ iléèwé tí yóò yan níwájú àwọn aláṣẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fún wọn. Clémentine rí i pé bí oníkálukú bá ń dá ẹ̀wù tirẹ̀ rán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bíi ti àtijọ́, wọn ò ní bá a. Ó ní kí wọ́n pín in: kí ẹnì kan máa gé, kí ẹnì kan máa rán apá, kí òmíràn máa rán ọrùn, títí dé ẹni tí yóò kan bọ́tìnnì. Ó bẹ Ìlọ̀rí pé kí ó wá máa gé, torí kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀.

Ìlọ̀rí kọ̀. Ó ní òun ò ní gé aṣọ kí ẹlòmíràn máa rán an. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ sí igun, ó ń dá tirẹ̀ rán.

Clémentine mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé aṣọ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú. Ní ọjọ́ kẹrin, Safiatou tó ń rán apá mọ́ ẹ̀wù dáwọ́ dúró lójijì. Apá méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá òsì ni. Wọ́n tú ìdì tó kù wò: ti ogójì ẹ̀wù ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sì sí káákí mìíràn láti fi rọ́pò wọn.

Wọn ò tíì di ìdì náà padà tí Norbert, aṣojú ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, fi wọlé. Ó wo àwọn apá náà, ó bèèrè ẹni tó gé wọn. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n lè pe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì mú, ẹbí rẹ̀ lè má mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

"Èmi ni mo gé e," Clémentine wí. "Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀."

Norbert kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí igba ẹ̀wù kò bá pé ní ọjọ́ kẹsàn-án, Clémentine yóò bá òun lọ ṣàlàyé ní Kútọnu.

Nígbà tó jáde, Ìlọ̀rí dìde láti igun rẹ̀, ó mú apá kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò ra á.

"Clémentine, káákí yìí kò ní ojú, kò ní ẹ̀yìn. Yí inú ìdajì wọn síta, apá ọ̀tún ni."

Ó yí ọ̀kan, ó gbé e lé èjìká ẹ̀wù. Ó ṣe rẹ́gí. Clémentine na àlùmọ́gàjí sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gé ìyókù."

"N ó gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ni o máa dúró sí, kí o máa wò ó."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, igba ẹ̀wù pé. Norbert kó wọn lọ láì dúpẹ́, kò sì pa orúkọ Clémentine rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Fún oṣù púpọ̀, bí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyà Clémentine á já. Kò sẹ́ni tó wá mú un. Wọn ò padà sí ìlànà àtijọ́ mọ́. Ìlọ̀rí ṣì ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó lè mọ ọwọ́ tó rán ẹ̀wù kan mọ́, síbẹ̀ láràárọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì.