Ku Kì Í Ṣe Kú

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bátìrì ṣe ní Muṣin ni Àmúdàtù ti bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn fi íméèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Taoheed, ẹni tó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, ò gbàgbé ọjọ́ tí òjò já wọlé bá wọn, tí obìnrin náà tú ìborùn rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà, tí òun alára sì jókòó sínú omi títí iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fi lọ.

Lónìí, ní Yábàá, ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ rà wọ́n. Àtẹ̀jíṣẹ́, Wásáàpù àti ìpè orí fóònù làwọn yẹn fi ń jíṣẹ́. Íméèlì nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá náà, Àkàngbé, ti tẹ́ ìwé àdéhùn sórí tábìlì.

"Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀," Àmúdàtù ní, "àfi ibi tí ẹ ti ní ẹ ó yọ àmì ohùn kúrò lára Yorùbá wa."

"Àbúrò, àmì yẹn ń jẹ àyè. Tó bá wọ àtẹ̀jíṣẹ́, ọ̀kan á di méjì, ìnáwó náà á di méjì. Ta ni ò lè ka Yorùbá láìsí àmì?"

Taoheed ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí obìnrin yìí bá ta kú, ọjà lè fọ́, wọ́n á sì padà sídìí jẹnẹrétọ̀ tó máa ń kọ iṣẹ́. Ó sì mọ̀ pé yóò ta kú.

Àmúdàtù ò jiyàn. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá náà rán ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí ilé ìwòsàn máa ń rán sí àwọn ìyá ọmọ, kó wọ fóònù Àkàngbé láìsí àmì. Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè."

*Omo yin ku abere kan. E gbe e wa.*

"Ọmọ yín kú..." Àkàngbé fa fóònù súnmọ́ ojú. Ó tún un wò. "Ọmọ yín ku abẹ́rẹ́ kan. Ẹ gbé e wá."

"Ẹ kọ́kọ́ pa á ná kí ẹ tó jí i dìde," Àmúdàtù ní.

Àkàngbé rẹ́rìn-ín. "O ò dáa, ọmọ yìí." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ronú. "Ìpè ńkọ́? Ohùn ò jẹ àyè kankan. Kí àmì wà nínú íméèlì bó ṣe wà. Ẹni tí kò ní íméèlì, kí ẹ̀rọ wa pè é, kó gbọ́ ọ létí."

Taoheed wo ojú Àmúdàtù. Láti Muṣin títí dé Yábàá, ọ̀nà yẹn ò wá sí obìnrin náà lọ́kàn rí.

Wọ́n ní kí Taoheed sọ ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì pe Ameenah, ìyàwó rẹ̀ ní Sùúrùlérè, nítorí ọmọ tiwọn náà ku abẹ́rẹ́ kan lóòótọ́. Gbogbo wọn tẹ́tí sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ku abẹ́rẹ́ kan. Ẹ gbé e wá."

"Taoheed, ṣé orí ẹ pé? Ìgbà wo lo di dókítà tó ń pè mí ní 'ẹ'? Mo ti mọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbé e lọ. Ra gààrí bọ̀."

Àmúdàtù fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìwé àdéhùn sọ́dọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tuntun náà sí etí ìwé, tàmì-tàmì. Àkàngbé ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.