Eku Mẹ́rin Tí Kò Kú Nínú Ìwé

Bàbá Eku ni gbogbo wọn ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń tọ́jú àwọn eku funfun tí wọ́n fi ń dán oògùn wò. Tó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, á kí wọn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi," torí lára wọn ló ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá.

Lọ́dún yìí, oògùn apakoríko tí gbogbo àgbẹ̀ ń rà ni ọ̀gá rẹ̀, Dókítà, fẹ́ dán wò. Ó fún eku mẹ́wàá ní púpọ̀, ó fún mẹ́wàá ní díẹ̀, kò fún mẹ́wàá ní nǹkan kan. Bàbá Eku fi yíǹkì sàmì sí wọn lára kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra. Nígbà tí àwọn tó gba púpọ̀ ń kú, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ àwọn tó gba díẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, méjì kú nínú wọn. Bàbá Eku wo ìgò omi ara àgò wọn, ó ti gbẹ táútáú. Òun ló gbàgbé láti bu omi sí i nírọ̀lẹ́ àná, bẹ́ẹ̀ irú àṣìṣe yìí náà ni wọ́n fi lé ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ló bá mú eku méjì nínú yàrá tí wọ́n ti ń sìn wọ́n, ó fi yíǹkì sàmì sí wọn bíi ti àwọn tó kú, ó sì sun òkú mọ́ ìdọ̀tí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òùngbẹ ló pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, méjì mìíràn kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgò omi kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọkùnrin náà mọ ohun tó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́wọ́ èyí, á jẹ́wọ́ tàkọ́kọ́. Ó tún gbé yíǹkì.

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwọ̀n kékeré kò pa eku kankan. "Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá Eku," ó ní. "Ẹ ò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́." Bàbá Eku rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bu omi sí ìgò àwọn eku.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Iṣẹ́ tìyẹn sì ni kó gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn, kó máa bá àwọn olóko fín oògùn yìí gan-an. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ìwọ tó o wà níbẹ̀, ṣé nǹkan yìí ò ní pa èèyàn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí eku tó kú."

Oṣù mẹ́ta ni oorun fi dá lójú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ta ló fẹ́ ru irú ẹrù yìí fún ogún ọdún? Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ táǹkì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fín in mọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mẹ́rin ló kú nínú mẹ́wàá. Mò ń lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà lọ́la, kí wọ́n lé mi tí wọ́n bá fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra gbé kànrìnkàn sílẹ̀.

"Èmi ti dàgbà," ó ní. "Ọmọ mi ni mò ń rò. Oyún inú ẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà. Ẹ̀rù ń bà á, kò fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́ yìí, èmi ni mo sọ fún un pé ìwọ ní kò sí eku tó kú. Òun ló gbé táǹkì kejì jáde láàárọ̀ yìí."