Ọlẹ̀ Inú Irúgbá

Ó lé ní ogójì ọdún tí Dọlápọ̀sí ti ń se irú tà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n kò gbin irúgbá rí. Kí ni ì bá gbìn ín fún? Igi mẹ́fà tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lóko ń so fún un lọ́dọọdún. Ìgbà tí ìjà ilẹ̀ àárín Ìfọ́n àti Ìlobù le débi tí kò sẹ́ni tó ń dé oko ẹ̀bá ààlà mọ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra irúgbá àpò tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya. Bí àpò ò bá tètè dé, iná ìdáná rẹ̀ a kú.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, ó mú ogún hóró nínú àpò, ó rì wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Oṣù kẹrin lọ, ìkankan ò yọjú. Hàmídù aládùúgbò rẹ̀ ní, "Ìyá Peter, èèyàn kì í gbin irúgbá. Ẹyẹ àti màlúù ló ń gbìn ín." Inú bí i, ó tún lọ bomi rin wọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Rachael, ìyàwó Peter ọmọ rẹ̀, wá kí i láti Òṣogbo. Ọmọ Ìlobù ni, tíṣà báyọ́lọ́jì sì ni. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́ irúgbá, ó sì fi igi hú hóró kan jáde. Ó ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀.

"Màmá, omi ò wọnú ẹ̀ ni. Èèpo ẹ̀ ò gbà á láyè. Bí omi ò bá sì wọlé, ọlẹ̀ inú ẹ̀, ọmọ tó máa di igi, ò ní jí. Inú màlúù tí wọ́n ń wí yẹn, ó ń bá a jẹ èèpo ni."

Dọlápọ̀sí bú sẹ́rìn-ín. "Èmi lo ń sọ fún pé irúgbá le? Èmi tí mo ń koná mọ́ ọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Ọlẹ̀ wo ló sì wà níbẹ̀? Awẹ́ méjì péré ni."

"Àárín awẹ́ méjèèjì ló wà, màmá. Awẹ́ yẹn, oúnjẹ tó máa kọ́kọ́ jẹ ni."

Ìyá ò gbà á gbọ́. Rachael mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ó fi ha ẹ̀yìn ogún hóró mìíràn láti inú àpò títí inú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, ó yẹra fún ẹnu tí ọlẹ̀ wà, ó sì rẹ wọ́n sómi. Bó ṣe lọ tán, Dọlápọ̀sí náà bu ogún tirẹ̀ nínú àpò, ó gbé e kaná. Iná lòun mọ̀. Ó ní kí èèpo wọn kàn rọ̀ díẹ̀, àmọ́ oníbàárà dé, ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n sì jinná sórí iná.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ti Rachael ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ìyá bó ọ̀kan, ó fi èékánná là á. Nǹkan kékeré kan lẹ̀ mọ́ etí awẹ́, ó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ó jókòó lórí àpótí, ó wò ó títí. Láti ogójì ọdún ló ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo. Kò bà á nínú jẹ́, irú ni irú ń jẹ́. Àmọ́ ojú tì í díẹ̀ pé àlejò ló fi ohun tó wà lọ́wọ́ òun han òun.

Ó gbin gbogbo wọn, ti Rachael àti tirẹ̀, sínú ọ̀rá omi tó ti bu erùpẹ̀ sí. Lọ́jọ́ keje, àwọn tí Rachael ha tẹ ọrùn jáde nínú erùpẹ̀, wọ́n sì gbé awẹ́ wọn dání. Mẹ́rìndínlógún ló hù. Ó hú èyí tó sè wò: ó ti ń rùn. Ó tẹ Rachael láago.

"Ìyàwó, tìẹ hù. Tèmi ti di irú."

Ewúrẹ́ jẹ mẹ́rin nínú wọn. Ó gbin mẹ́fà sí oko ìdí ilé. Hàmídù wá gba méjì láìtijú. Nígbà tí Rachael tún wá, ìyá nawọ́ mẹ́rin tó kù sí i.

"Bá mi kó wọn fún bàbá ẹ. Àwọn náà ò ṣáà rí oko ẹ̀bá ààlà lọ mọ́."

Rachael gbà wọ́n. "Ṣé kí n sọ pé Ìfọ́n ni mo ti gbé e wá?"

"Sọ ọ́. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kó o gbé e padà fún mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, fóònù dún. Bàbá Rachael ni. Wọ́n kíra títí, ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti gbóhùn ara wọn gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni bàbá béèrè pé, "Àna wa, báwo ló ṣe yẹ kí irúgbá yìí jìnnà sí ògiri tó?"

"Ẹ jẹ́ kó jìnnà dáadáa, bí ogún ẹsẹ̀," ni Dọlápọ̀sí dáhùn. "Òjò ńkọ́ lọ́dọ̀ yín?"