Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lójú Ọ̀nà Bàálù

"Ẹ dúró! Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má gbéra!"

Igbe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọ̀fun Olúdáìsí ya. Nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́ tó ti ń kígbe sínú rédíò, bàálù akẹ́rù kan ti ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, eruku pupa ń tú yẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni típà kan dúró sí, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi òkúta dí àwọn ihò tí ogun dá sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbójú sókè bí ẹni tí a pè lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ́n ká. Obìnrin kan ju páànù òkúta orí rẹ̀ nù, ó fò sínú gọ́tà.

Táyà bàálù han goooro. Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, ó sì dúró. Ọmọdé lè ju òkúta láti ibẹ̀ kó ba típà.

Ọdún 1970 ni, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Iléṣà ni Olúdáìsí ti wá. Ìjọba ló gbé e wá sí Enugu láti máa fi rédíò darí àwọn awakọ̀ bàálù. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti ilé ìṣọ́. Lábẹ́ igi káṣú, ó bá Alárápé, ará Ọ̀fà tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́, tó ń fi gèlè di ọwọ́ obìnrin tó fò sínú gọ́tà. Evelyn lorúkọ obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ kò ti ogun bọ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú.

"Ọ̀gá," ni Evelyn wí fún Olúdáìsí, "dem go sack us?"

Kò sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ rárá.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá pápákọ̀, Lékè, awakọ̀ bàálù náà, ti wà lórí ìjókòó, òógùn ti rẹ ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin.

"O ní kí n gbéra," ni Lékè wí. "Etí mi ló gbọ́ ọ."

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró ni."

Festus, ọ̀gá pápákọ̀, gbọ́wọ́ sókè. "Ìjà kọ́. Mo fẹ́ pe àwọn ọ̀gá wa ní Èkó. Ohun tí a ó sọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ ojú ọ̀nà láìgba àṣẹ. A ó lé wọn, a ó gba ẹlòmíràn. Ṣebí àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ẹnu géètì. Kò sí ẹni tí yóò bi ẹ̀yin méjèèjì léèrè nǹkan kan."

Lékè wolẹ̀. Olúdáìsí wo ojú fèrèsé, ó rí igi káṣú náà.

"Èmi ni mo fún wọn láṣẹ, sà. Alárápé béèrè, mo ní kí wọ́n wọlé. N kò ní purọ́ mọ́ wọn."

"Ìwọ ni wọn yóò lé nígbà náà. Wọn yóò sì gba ilé."

Ilé tí Moríyọ̀ ìyàwó Olúdáìsí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́tìnì sí!

"Mo mọ̀, sà." Ó kọjú sí Lékè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́ gan-an? Bó ṣe wọ̀ yín létí ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Lékè di ojú. "Ariwo kan kọ́kọ́ han. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ 'gbéra, kí ẹ yà sí òsì.' Mo sì dáhùn pé à ń lọ."

Olúdáìsí fìdí lé àga. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé: ẹ lọ dúró lẹ́nu ojú ọ̀nà; nígbà tí ẹ bá gbéra, kí ẹ yà sí òsì. Bàálù mìíràn tó ń bọ̀ láti Kàdúná ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn méjì kọlu ara wọn, ìdajì ọ̀rọ̀ sì sọnù. Nígbà tí Lékè sì ní "à ń lọ," Olúdáìsí rò pé ibi tí yóò ti dúró ló ń lọ.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," ni Lékè wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi," ni Olúdáìsí parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àbọ̀ tó dé etí Lékè, Lékè fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di odidi. Àbọ̀ tó dá padà, Olúdáìsí náà sọ ọ́ di odidi. Ènìyàn sì wà lójú ọ̀nà.

Lékè dìde. "Ọ̀gá Festus, tí ẹ bá pe Èkó, ẹ sọ fún wọn pé èmi náà kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì."

Festus rí i pé kò sẹ́ni tí yóò bá òun purọ́. Ó gbé fóònù, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Èkó ní àwọn yóò rán ènìyàn wá ṣe ìwádìí. Kí Olúdáìsí ṣì máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Olúdáìsí dúpẹ́, ó gun ilé ìṣọ́ padà. Lórí àtẹ̀gùn ló ti pinnu: ọ̀rọ̀ náà, gbéra, kò ní jáde lẹ́nu òun mọ́ àfi tí ojú ọ̀nà bá ṣófo. Awakọ̀ tí kò bá sì tún ọ̀rọ̀ òun sọ kò ní mira.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi típà fa bàálù Lékè jáde, mẹkáníìkì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti gbé Evelyn lọ sílé ìwòsàn.

"Ẹ dúró síbẹ̀," ni Olúdáìsí wí. "Ẹ tún ọ̀rọ̀ mi sọ."

"A dúró síbẹ̀," ni Lékè dáhùn.

Awakọ̀ mìíràn tó ń yípo lójú ọ̀run dá sí i. "Kí lèyí? Ṣé ilé ìwé ni?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ máa yípo níbẹ̀. Ẹ tún un sọ."

Ọkùnrin náà pòṣé, ó sì tún un sọ.

Alárápé kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò, òun ló jáde kẹ́yìn, ó sì ju ọwọ́ sókè. Olúdáìsí wo ojú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún un wò. Ó tẹ bọ́tìnnì rédíò.

"Ẹ lè gbéra."

Bàálù kò mira. Rédíò ń dún fẹ́ẹ́ẹ́. Ìgbà náà ló yé Olúdáìsí pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, láàárín ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ìdáhùn ẹlòmíràn, òun ni kì í jẹ́ kó pẹ́. Ìka rẹ̀ tún fẹ́ tẹ bọ́tìnnì; ó mú un kúrò lórí rẹ̀, ó sì ń retí kí Lékè tún ọ̀rọ̀ náà sọ.